Ta ni ó jìnnà?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò. Ìbéèrè náà kúrú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni: "Ta ni ó jìnnà?"

Ẹ má ṣe yára dáhùn. Bí a bá bi ọmọdé, yóò ní ẹni tí ó wà ní ìlú òyìnbó ni ó jìnnà, ẹni tí ó wà ní abúlé kejì ni ó súnmọ́ wa. Ọmọdé kò purọ́. Ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé ni ó sọ. Àwa àgbà, ẹ jẹ́ kí á wò ó síwájú sí i.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa

Àbúrò ìyá mi kan gbé ní Kétu títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ìyá ni mo máa ń pè é, nítorí òun ni ó tọ́ mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Gàrí ni ó ń ṣe tà. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ó bí. Àkọ́bí ń gbé ní Pọ̀bẹ̀, ó ń ta sìmẹ́ǹtì àti páànù. Èkejì ń gbé ní Pàrís, ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní iṣẹ́, ó sì ní ìwé ìgbélùú. Àbígbẹ̀yìn náà wà ní Pàrís, ṣùgbọ́n òun kò ní ìwé kankan. Iṣẹ́ tí ó bá rí ni ó ń ṣe.

Ní àkókò ọyẹ́ ọdún kan, àìsàn dá ìyá yìí dùbúlẹ̀. Dókítà sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà le. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a pe àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tẹlifóònù.

Èkejì kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó bọ́ sílẹ̀ ní Kútọnu. Kí oòrùn ọjọ́ kẹta tó mú, ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àkọ́bí ní, "Mo ń bọ̀." Láti Pọ̀bẹ̀ sí Kétu, bí wákàtí kan ni mọ́tò ń rìn. Ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ ti jà nítorí ilẹ̀ oko kan. Ọdún mẹ́ta ni kò ti fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá ilé wa. Ọjọ́ kìíní kọjá, kò dé. Ọjọ́ kejì kọjá, kò dé. Ìyá kú ní ọjọ́ karùn-ún. Ọjọ́ kẹjọ ni àkọ́bí tó dé. A ti sin òkú.

Àbígbẹ̀yìn kò wá rárá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ àti ní alaalẹ́ ni ó ń pè. A máa ń gbé tẹlifóònù sí etí ìyá. Ọmọ á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, á máa rán an létí nǹkan àtijọ́, á sì máa sunkún. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde, a rí i tí ó ń mi orí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ilé jókòó. Bàbá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún sọ pé: "Ọmọ kan ṣoṣo ni obìnrin yìí bí. Èyí tí ó wà ní Pọ̀bẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Èyí tí kò wá láti Pàrís kì í ṣe ọmọ. Wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ òfurufú ń fò! Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá lè wá, kí ni ó dá òun dúró?"

Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi orí.

Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn mí. Mo bi ara mi pé: ṣé òtítọ́ ni ìdájọ́ yìí? Ṣé wákàtí mẹ́fà kan náà ni ó wà láàrin ìyá yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tí ó wà ní Pàrís?

2. Ẹ jẹ́ kí á wọn ọ̀nà náà

Kí á tó dá ẹjọ́ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí á mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ẹ mú bírò àti ìwé yín, kí á jọ ṣe ìṣirò.

Pápá ọkọ̀ òfurufú Kútọnu wà ní Cadjèhoun. Orúkọ Kádínà Bernardin Gantin ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ wa ni Kádínà yìí. Pàrís ni ó kú sí ní ọdún 2008, a sì gbé òkú rẹ̀ wá sin ní Wídà. Èyí tí ó wà ní Pàrís ń jẹ́ Charles de Gaulle. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣí i.

Ayé rí roboto bí ọsàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ibì kan ti jìnnà sí ibòmíràn lórí ọsàn, ẹ na òwú láti ibi kìíní dé ibi kejì, kí òwú náà lẹ̀ mọ́ èèpo, kí ó má sì wọ́. Gígùn òwú yẹn ni ọ̀nà tí ó kúrú jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń wọn ọ̀nà òfurufú. Láti Kútọnu sí Pàrís, òwú náà jẹ́ bí kìlómẹ́tà 4,740.

Bí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn ín, tí ó ń rin kìlómẹ́tà 30 lójúmọ́, a ó pín 4,740 sí ọ̀nà 30. Ọjọ́ 158 ni yóò lò. Ó ju oṣù márùn-ún lọ, a kò sì tíì ka òkun tí yóò kọjá. Ọkọ̀ òfurufú ńlá ń sáré bí kìlómẹ́tà 850 ní wákàtí kan. Ẹ pín 4,740 sí ọ̀nà 850: wákàtí 5 àti bí ìṣẹ́jú 35. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í sáré bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Ó ní láti rìn nílẹ̀, kí ó gòkè dé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mítà, kí ó tún rọra sọ̀kalẹ̀. Atẹ́gùn náà lè tì í lẹ́yìn tàbí kí ó dojú kọ ọ́. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé wákàtí mẹ́fà ni, tàbí díẹ̀ lé.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á mọ̀. Pàrís kò sí ní ìlà-oòrùn wa, kò sì sí ní ìwọ̀-oòrùn wa. Àríwá wa gan-an ni ó wà. Bí ènìyàn bá dúró ní Kútọnu, tí ó kọjú sí ọ̀nà Ṣábẹ̀ àti Parakú, tí ó sì ń lọ tààrà láìyà, yóò kọjá Niger àti Màlì, yóò la aginjù Sàhárà kọjá ní Algeria, yóò kọjá òkun, yóò sì bọ́ sí ilẹ̀ Faransé. Nítorí èyí, ọ̀sán wa àti ọ̀sán wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bọ́ sí àkókò kan náà. Ní àkókò òtútù wọn, aago wa àti aago wọn dọ́gba. Láti òpin oṣù March títí di òpin oṣù October, wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú ní wákàtí kan.

Ẹ ò rí i? Ní ti ilẹ̀ àti ní ti oòrùn, Pàrís kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò ní Kútọnu ní àárọ̀, tí ó ń lọ sí ìhà Malanville, ọkọ̀ òfurufú tí ó gbéra pẹ̀lú rẹ̀ yóò ti dé Pàrís kí òun tó dé ibi tí ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀. Ní oṣù August ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú ilẹ̀ wọn pa. Oṣù September ni wọ́n tún ṣí i fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ní àkókò tí wọ́n fi tì í, ọkọ̀ tí ó fẹ́ gba orí Niger kọjá ní láti yí gba ibòmíràn, ó sì ń pẹ́ jù bí ó ti máa ń pẹ́ lọ. Ṣé ilẹ̀ fẹ̀ sí i ní oṣù náà ni? Rárá. Òwú orí ọsàn kò gùn sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni ó mú ọ̀nà gùn.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: kìlómẹ́tà jẹ́ ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jẹ́ ti ènìyàn.

3. Ìlú kejì tí ó wà ní ìwọ̀n kan náà

Ẹ jẹ́ kí á na òwú mìíràn. Ẹ fi orí rẹ̀ kan sí Kútọnu, kí ẹ na ìkejì kọjá òkun ńlá, sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, títí dé ìlú Salvador ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Brazil. Bí kìlómẹ́tà 5,000 ni. Kìkì 260 ni ó fi ju ti Pàrís lọ. Ọkọ̀ òfurufú ń fo ìyẹn ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ní ti òwú, Pàrís àti Bàhíà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí wa bákan náà.

Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ka Bàhíà sí ibi tí ó jìnnà bí Pàrís nìkan? Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ láti Kútọnu sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Bí ó bá gba Pàrís, yóò fo kìlómẹ́tà 4,740 lọ sí àríwá, yóò dúró de ọkọ̀ mìíràn, yóò sì tún fo bí 8,000 padà sí gúúsù àti sí ìwọ̀-oòrùn. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 12,000 lọ. Ọ̀nà 5,000 ti di 12,000! Ó lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀, tí ó sì ní láti kọ́kọ́ lọ sí òpin ìlú.

Kí ni ó fà á? Ọkọ̀ òfurufú ń tọ ibi tí èrò àti owó bá ń gbà. Ìjọba Faransé ni ó jọba lé wa lórí títí di ọdún 1960, ọ̀nà tí wọ́n là ni ọkọ̀ ṣì ń tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà Bàhíà ti wà tipẹ́ kí ọ̀nà òfurufú Pàrís tó wà. Ọ̀nà ẹkún ni. Láti Wídà àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa sínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹrù, tí wọ́n sì tà wọ́n lẹ́rú ní Bàhíà. Ìrìn àjò náà ju oṣù kan lọ, ọ̀pọ̀ ni ó sì kú sójú ọ̀nà. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó parí pátápátá ní Brazil.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Àwọn ènìyàn yẹn kò gbàgbé. Títí di òní, ní Salvador, wọ́n ń pe èdè àti àṣà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn baba wọn ní Nagô, ẹgbẹ́ ńlá kan nínú àwọn tí ń bọ òrìṣà níbẹ̀ sì ń pe ara wọn ní ará Kétu. Kétu tiwa yìí! Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí Kétu rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó padà wálé kò gbàgbé Bàhíà. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú dìtẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1835, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti gba òmìnira wọ ọkọ̀ padà wá sí Wídà, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó. Ẹ wo mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́: ojú rẹ̀ jọ ojú ilé ìjọsìn Bàhíà.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Pierre Verger. Pàrís ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1902. Ní 1946 ó dé Salvador, ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní 1953, ní Kétu, wọ́n kọ́ ọ ní Ifá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní lílọ bíbọ̀ láàrin ilẹ̀ wa àti Bàhíà, ó sì kọ ìwé ńlá lórí òwò ẹrú tí ó so ibi méjèèjì pọ̀. Salvador ni ó kú sí ní 1996. Pàrís, Bàhíà, Kétu: ẹni kan ṣoṣo ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra.

Ẹ̀kọ́ kejì nìyí: òkun lè wà láàrin ènìyàn méjì, kí wọ́n má jìnnà sí ara wọn. Ògiri kan ṣoṣo sì lè wà láàrin ènìyàn méjì, kí wọ́n jìnnà.

4. Ohun mẹ́rin tí ń mú ibì kan jìnnà

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta náà. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ wọn, mo rí i pé ohun mẹ́rin ni a máa ń dà pọ̀ bí a bá ní "ó jìnnà".

Èkíní ni ilẹ̀. Ìyẹn ni òwú tí a nà. Kò sí ẹni tí ó lè yí i padà.

Èkejì ni ọ̀nà. Ṣé mọ́tò wà? Ṣé afárá wà? Ṣé ọkọ̀ òfurufú ń lọ síbẹ̀? Abúlé kan lè wà ní kìlómẹ́tà 15 sí wa, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, tí omi kún ọ̀nà, ẹni tí ó ń rọbí níbẹ̀ jìnnà sí ilé ìwòsàn ju bí Kútọnu ti jìnnà sí Pàrís lọ.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Mo ní lọ́kàn owó àti ìwé. Tíkẹ́ẹ̀tì Pàrís ń gba ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún sẹ́fà lọ́nà mélòó kan. Lẹ́yìn owó, ìwé kù. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú lè jáde kúrò ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yóò tì lẹ́yìn rẹ̀. Bí àbígbẹ̀yìn bá wá sin ìyá rẹ̀, kò ní lè padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Owó iṣẹ́ yẹn ni ó fi ń ra oògùn ìyá. Owó iṣẹ́ yẹn ni ó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ méjì. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Pàrís sí Kútọnu jẹ́ wákàtí mẹ́fà ní lílọ, wákàtí mẹ́fà ní bíbọ̀. Fún òun, wákàtí mẹ́fà ní bíbọ̀ wálé ni, ọ̀nà àtipadà kò sì sí.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn. Ọkàn ni ó wà láàrin Pọ̀bẹ̀ àti Kétu. Ilẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀nà wà, ọ̀dà sì wà lórí rẹ̀. Owó mọ́tò kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú nìkan ni ó dí ọ̀nà. Kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ó lè fo ìbínú kọjá. Onítọ̀hún ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.

5. Bí ọ̀nà bá kúrú, ṣé gbèsè pọ̀ sí i?

Ìbéèrè tí ó le jù nìyí. Ní ayé àwọn baba wa, púpọ̀ nínú wọn lọ ṣòwò ní Gánà. Bí ìyá ẹni bá kú nílé, ó lè pẹ́ kí ìròyìn tó dé etí ẹni. Nígbà tí ọmọ bá dé, sàréè ti gbẹ. Ẹnikẹ́ni kì í bú u. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ọ̀nà jíjìn, ẹ kú ìnáwó." Wọ́n á jẹ́ kí ó ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní àkókò tí agbára rẹ̀ bá ká a. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọ̀nà gùn, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà.

Lónìí, tẹlifóònù dún lálẹ́, gbogbo ayé ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ òfurufú ń fò ní wákàtí mẹ́fà. A wá ń sọ pé: "Kò sí àwíjàre mọ́." Ọ̀nà kúrú, sùúrù wa náà sì kúrú. Ṣé ó tọ́?

Ẹnì kan lè sọ pé ó tọ́. Ó ní: ohun tí ènìyàn kò lè ṣe ni a kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àtijọ́, kò lè wá, nítorí náà a kò béèrè. Nísinsìnyí, ó lè wá, nítorí náà a ń béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí, n kò lè bú ẹni tí ó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó ti yà kúrò lọ́nà. Nígbà tí a ní "ó lè wá", ta ni à ń sọ? Ọkọ̀ òfurufú ni ó lè wá. Ọkọ̀ kọ́ ni a bí. Ọmọ ni a bí. Kí á má fi eré sísá ọkọ̀ dá ọmọ lẹ́jọ́. Ohun tí yóò ná ọmọ náà láti wọ ọkọ̀ ni kí á fi dá a lẹ́jọ́. Àwọn baba wa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Gbèsè ẹni kò kọjá ibi tí ọwọ́ ẹni dé, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀ pátápátá.

Ẹ kíyè sí apá kejì ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ó dé ibẹ̀ pátápátá. Nítorí àwọn kan wà tí yóò gbọ́ ohun tí mo wí, tí wọn yóò sì fi ṣe ibi ìsápamọ́sí. Wọ́n á ní, "Mo jìnnà, ọwọ́ mi kò tó o." Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò pe ilé láti ọjọ́ ọdún. Wọn kò béèrè ẹni tí ó wà láàyè. Ẹni tí kò lè wá, ó lè pè. Ẹni tí kò lè pè, ó lè ránṣẹ́. Àwọn ará Bàhíà kò ní tẹlifóònù, wọn kò ní ọkọ̀ òfurufú, wọn kò sì ní òmìnira. Orúkọ Kétu nìkan ni ó kù sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n di í mú, wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Ibi tí ọwọ́ wọn dé nìyẹn, wọ́n sì dé ibẹ̀.

Àbígbẹ̀yìn náà dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ohùn rẹ̀ ni ó ní, ohùn rẹ̀ ni ó fi wá. Àkọ́bí ní ọ̀nà, ó ní owó, ó ní ẹsẹ̀. Kò dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé.

6. Ọ̀rọ̀ tí èkejì sọ fún mi

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kù díẹ̀.

Nígbà tí èkejì ń padà, èmi ni mo sìn ín dé Kútọnu. A jókòó síta pápá ọkọ̀ òfurufú, à ń retí àkókò tí yóò wọlé. Mo yìn ín. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣe ojúṣe yín." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Má yìn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mi ò wálé. Ìwé wà lọ́wọ́ mi. Owó wà. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé lọ́dún tí ń bọ̀. Mo mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà ni, mo sì rò pé nítorí pé ó kúrú, ó lè dúró. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ń kú lọ ni mo wá sáré. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rí ìyá mi ní ọdún mẹ́sàn-án."

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó wọlé.

Nígbà tí mo ń padà sí Àjàṣẹ́ tí mo ń gbé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún tèmi náà. Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu, kò tó wákàtí mẹ́ta. Ìgbà mélòó ni mo lọ kí ìyá yìí ní ọdún tí ó kú? Ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ìnáwó ẹlòmíràn ni ó gbé mi lọ. Èmi tí mo mi orí nígbà tí wọ́n ń dá àbígbẹ̀yìn lẹ́bi, ẹni tí ó ń pè é láràárọ̀ àti ní alaalẹ́! Ojú tì mí.

Mo wá rí ewu kan tí ó wà nínú ọ̀nà tí ó kúrú. Ọ̀nà gígùn ń mú ènìyàn múra. Ẹni tí ó mọ̀ pé ibì kan jìnnà á dá ọjọ́, á tọ́jú owó, á lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó súnmọ́, a máa ń sọ pé, "Ìgbàkígbà ni mo lè lọ." Ọ̀rọ̀ yìí, "ìgbàkígbà", ni ó máa ń di "rárá".

Ẹ̀yin ará, ìdáhùn tèmi sí ìbéèrè wa nìyí. Ẹni tí ó jìnnà kì í ṣe ẹni tí kìlómẹ́tà pọ̀ láàrin wa àti òun. Ẹni tí ó jìnnà ni ẹni tí ó lè dé ọ̀dọ̀ wa, tí kò sì dé. Bí a bá sì fẹ́ mọ ẹni náà, kí á má kọ́kọ́ na ìka sí ìta. Kí á kọ́kọ́ na òwú láti ẹnu ọ̀nà tiwa.

Mo padà lọ bá bàbá tí ó dá ẹjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú fún un, nítorí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́, ó ronú, ó sì ní kí n pe àbígbẹ̀yìn lórí tẹlifóònù. Ó súre fún un. Ní ti àkọ́bí, ó ní: "Ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà. Ìyá rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ kù. Kí ó máa bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí á jọ sọ ọ́

1. Ta ni ẹ rò pé ó jìnnà jù nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yìí? Kí ni ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?

2. Ẹ ronú ibì kan tí kò jìnnà sí yín ní ti ilẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti dé. Kí ni ó dí ọ̀nà: ọ̀nà fúnra rẹ̀, owó, ìwé, tàbí ọkàn?

3. Ọkọ̀ kan ń sáré kìlómẹ́tà 60 ní wákàtí kan. Wákàtí mélòó ni yóò fi rin kìlómẹ́tà 240?

4. Ta ni ẹ ti ń sọ fún pé "mo ń bọ̀", tí ẹ kò tíì lọ kí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.